Ènìyàn 412 dáhùn Google Form mi, supafáísọ̀ ní kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ gbà mí o!

Àkànní_FinalYear
Ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára. Project mi dá lórí bí àwọn ọlọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn ṣe ń gba owó orí fóònù, ìyẹn tiransífà àti POS. Mo ṣe Google Form, mo jù ú sí gbogbo grúùpù WhatsApp tí mo wà, ti kíláàsì, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àwọn tí a jọ jáde sẹ́kọ́ndìrì, mo ní kí wọ́n bá mi fọ́wáàdì ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré, èèyàn 412 ti dáhùn. Inú mi dùn torí fọ́múlà Taro Yamane tí gbogbo wa fi ń ṣírò iye èèyàn tó yẹ ká bi ní 385 ló tó tí àwọn ọlọ́jà bá jẹ́ 10,000. Mo gbé e lọ bá supafáísọ̀, wọ́n wò ó títí, ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mí: "Ta ló sọ fún ẹ pé ọlọ́jà 10,000 ló wà ní Bódìjà?" àti "Nínú 412 yìí, mélòó ló ń tajà?"

Kí n má purọ́, èmi ni mo bu 10,000 yẹn. Èkejì, mo délé mo kà á, ẹni 380 ló wà lábẹ́ ọgbọ̀n ọdún, àwọn tó ní ọjà làwọn ń tà ò ju 31 lọ, àwọn kan nínú wọn gan-an, wíìgì ni wọ́n ń tà lórí Instagram. Defense ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣé mi ò kàn lè wá 400 míì fi kún un ni?

ÀǹtíDátà
Àkànní, pẹ̀lẹ́. Má fi kún un o. Bó o bá kó 4,000 jọ lọ́nà tó o gbà kó 412 yẹn, ibi kan náà lá gbé ẹ dé, ọkàn ẹ á kàn wá balẹ̀ sórí irọ́ ni. Yamane ò sọ ẹni tí ó yẹ kó o bi fún ẹ. Iye ló ń ṣírò, ó sì ti gbà pé ìbò lo fi mú wọn, pé gbogbo ọlọ́jà pátá ló láǹfààní láti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́. Ìyá tó ń ta ata gígún, tó jẹ́ fóònù olótọ́ọ̀ṣì ló ń lò, báwo ló ṣe fẹ́ bọ́ sínú grúùpù àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde sẹ́kọ́ndìrì? Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni project ẹ ń wá.

Ti 10,000 yẹn, má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Gbé fọ́múlà yẹn wò: tí ọlọ́jà bá jẹ́ 2,000, á ní 333. 10,000, 385. Mílíọ̀nù kan, 400. Ṣé o rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan? Ohun tí supafáísọ̀ ẹ rí ni pé o ò ní lísìtì kankan lọ́wọ́, ẹni tí ò sì ní lísìtì, kí ló fẹ́ ṣẹ́ ìbò lé lórí?

Ìyá_Olóúnjẹ
Èmi tí mo ń ta oúnjẹ, mi ò kì í tẹ link kankan tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Link ni wọ́n fi kó owó àbúrò mi lọ.

ÀǹtíDátà
Ẹ ṣé mà. Àkànní, ṣé o gbọ́? Àwọn tó ń bẹ̀rù owó orí fóònù ni wọn ò ní tẹ link tó ń béèrè nípa owó orí fóònù. Ìyẹn nìkan ti tẹ èsì ẹ sí apá kan kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Peckham_Boy
Ẹ jẹ́ n fi ìtàn ti 1936 yẹn sí i, torí ti Àkànní yìí ló jọ. Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn kan wà tó ń jẹ́ Literary Digest, wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù 10 èèyàn láti mọ ẹni tó máa wọlé sípò ààrẹ láàárín Roosevelt àti Landon. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 ló dá a padà. Ẹ tún ìyẹn kà o. Wọ́n ní Landon máa kó 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n dìbò tán, Roosevelt ló kó nǹkan bí 61. George Gallup, oníwàádìí míì tó bi bíi 50,000 péré, ti sọ pé Roosevelt ni. Níbo ni Digest ti rí àdírẹ́sì? Ìwé tẹlifóònù àti ìwé orúkọ àwọn tó ní mọ́tò wà lára ẹ̀, lásìkò tí ìyà ń jẹ ìlú. Ẹni tó bá ní tẹlifóònù nígbà yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Èyí táwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé ni pé mẹ́ta nínú mẹ́rin ò dá káàdì padà rárá, àwọn tí inú ń bí sí Roosevelt ni ara wọn yá jù láti dáhùn.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé Gallup mọ̀ ọ́n tán o. Nígbà tó di ìdìbò ààrẹ 1948 òun náà ní Dewey ló máa na Truman, Truman wọlé, ó gbé ìwé ìròyìn tó ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ó fìdí rẹmi sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Kóòtà ni wọ́n ń lò nígbà yẹn: wọ́n á ní kí oníṣẹ́ lọ bi ọkùnrin mẹ́wàá, obìnrin mẹ́wàá, ó kù sọ́wọ́ ẹ̀ bó ṣe fẹ́ ṣà wọ́n. Ta lo máa ṣà? Ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ẹ, tó múra dáadáa.

Ṣé_Òótọ́_Ni
Gbogbo ẹ̀ náà ni irọ́ lójú tèmi. Ẹ ẹ́ máa sọ pé wọ́n bi 1,600 èèyàn, 1,600 yẹn á wá máa sọ̀rọ̀ lórúkọ Nàìjíríà tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Wọn ò bi mí rí. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò mi rí.

Ọmọ_Baba_Kókó
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan nínú 125,000 ni àǹfààní yín, kí ẹ má bínú tí wọn ò bá tíì dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú rí. Kókó ni bàbá mi rà jẹun ní apá Oǹdó. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba, àwọn tí a ń pè ní produce, kì í kàn ki ọwọ́ bọ ẹnu àpò kí wọ́n bu kókó wò. Irin kan ń bẹ, ó ṣófo nínú, ẹnu ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, wọ́n á gún un wọ àpò lókè, wọ́n á gún un láàárín, wọ́n á gún un nísàlẹ̀, hóró á máa yọ́ jáde gba inú irin. Kí ló fa wàhálà yẹn? Torí gbogbo wa la mọ̀ pé èyí tó gbẹ dáadáa ni wọ́n máa ń dà sẹ́nu àpò, tí èyí tó bu á wà nísàlẹ̀. Wọ́n á da gbogbo ẹ̀ sórí tapólì, wọ́n á pò ó, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á pín in sọ́nà mẹ́rin, wọ́n á gbé apá méjì tó kọjú síra kúrò, wọ́n á tún èyí tó kù pò, bẹ́ẹ̀ títí á fi ṣẹ́ kù díẹ̀. Inú díẹ̀ yẹn ni wọ́n á ti ka 300 hóró, wọ́n á fi ọ̀bẹ là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí èyí tó bu bá ti ju mẹ́sàn-án lọ, kì í ṣe Grade 1 mọ́. Tó bá ju méjìlá, Grade 2 náà ò gbà á.

300 yẹn ni o, bóyá àpò díẹ̀ ló wà nílẹ̀ tàbí ó pọ̀. Kì í ṣe pé tí kókó bá pọ̀ sí i kí wọ́n wá là 3,000. Ohun tó máa ń pọ̀ sí i ni iye àpò tí wọ́n máa gún. Mo kéré nígbà yẹn, mo ń bá wọn ka hóró lọ́jọ́ kan, mo ń fo àwọn tó fọ́, mò ń mú èyí tó sanra, bàbá mi fọ́ mi létí: "Ṣé ìyàwó lò ń fẹ́ ni?" Látọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní rándọ̀ọ̀mù.

ÀǹtíDátà
Ẹ̀gbọ́n Kókó, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín 😂

Ṣùgbọ́n Ṣé_Òótọ́, ìṣirò ẹ̀ rèé ní ṣókí. Tó bá jẹ́ ìbò ni wọ́n fi mú èèyàn, 100 èèyàn á fún ẹ ní èsì tó lè fi bíi 10 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. 400, bíi 5. 1,600, bíi 2.5. Kó o tó lè dín àṣìṣe kù sí ìdajì, àfi kó o bi ìlọ́po mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí owó fi máa ń tán káwọn èèyàn tó dé 10,000. Afrobarometer, àwọn tó ń ṣe ìwádìí èrò ará ìlú káàkiri Áfíríkà, 1,600 ló sábà máa ń bi ní Nàìjíríà lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ sì máa rí 2.5 yẹn nínú ìwé wọn.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn oníròyìn jà ni pé wọ́n á mú 1,600 yẹn, wọ́n á ní "àwọn ará Èkìtì sọ pé". Èwo ni ará Èkìtì? Pín 1,600 sí ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, ó lé díẹ̀ ní 43 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 43, àṣìṣe ẹ̀ lè tó 15. Tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ lọ wá irú èyí tí wọ́n ń pè ní NDHS, ìwádìí ńlá tí ìjọba ń ṣe láti ilé dé ilé nípa ìlera àti ọmọ bíbí. Ti 2018, adúgbò 1,400 ni wọ́n mú, ilé 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi 42,000 ilé. Wọ́n ṣe é lọ́nà tó fi lè sọ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àléébù tiwọn náà wà o, lísìtì adúgbò tí wọ́n lò nígbà yẹn, ti ìkànìyàn 2006 ni, ẹ̀yin náà ẹ wo bí Ìbàdàn ṣe fẹ̀ tó láti 2006.

Ẹnumẹrétọ̀_Àtijọ́
Mo ti ṣe iṣẹ́ ká máa lọ bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè láti ilé dé ilé yìí fún ọdún mẹ́rin, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí kì í sí nínú ìwé.

Bí a ṣe ń mú ilé nìyí: ẹ máa fi déètì ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Tí òní bá jẹ́ 14, 1 àti 4 jẹ́ 5, ilé karùn-ún ni mo máa kọ́kọ́ kàn lọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn ìyẹn mo máa ka mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ wá wọ agbo ilé kan l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹnu ọ̀nà kan, ìyàwó mẹ́ta, àwọn ọmọ tó ti láya, ayálégbé méjì lẹ́yìn. Ilé mélòó nìyẹn? Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kẹ́ ẹ wo ìkòkò, àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni ilé kan. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́jọ́ náà tí mò ń ka ààrò bí ẹni tó wá gbowó orí.

Ẹ tún rí ẹni tí ẹ máa bi nínú ilé. Káàdì la ń lò, a máa kọ nọ́ńbà sára ẹ̀, ẹni tó wà nílé fúnra ẹ̀ á fà á. Tó bá bọ́ sí ìyàwó kékeré, baálé á ní "Kí lẹ fẹ́ bi í tí èmi ò mọ̀?" Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á kàn yáa bi baálé kí wọ́n lè tètè lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ìwádìí tí ọkùnrin inú ẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.

Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n á dá ìwé ogún kún fúnra wọn. Mo mọ̀ wọ́n. Ohun tó fi ń tú wọn fó ni tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń kọ àkókò àti ibi téèyàn wà sílẹ̀: ìbéèrè tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 50, o ṣe é ní 9. Ilé iṣẹ́ tó bá dáa máa ń pe àwọn kan padà pé "ṣé ẹnì kan wá bi yín ní nǹkan lánàá?" Kẹ́ ẹ tó gba ìwádìí kankan gbọ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n pe ẹnikẹ́ni padà.

Ìyá_Olóúnjẹ
Wọ́n bi èmi náà lọ́dún kan, wọ́n ní ọmọ mélòó ni mo bí. Mo ní ọmọ Ọlọ́run ni wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ẹnumẹrétọ̀_Àtijọ́
Mà, ìdí nìyẹn tí ti NDHS kì í fi bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á béèrè àwọn ọkùnrin tẹ́ ẹ bí tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ yín, àwọn obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, àwọn tó wà níbòmíì, àti, ẹ forí jì mí, àwọn tí Ọlọ́run gbà. Àpapọ̀ á jáde láìsí pé ẹnì kan kà á lójú yín.

Ẹ̀yin tó ń kọ ìbéèrè ní Yorùbá, ẹ ṣọ́ra fún "a dúpẹ́". Ìwé ní kí n fi àmì sí bóyá iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn gan-an, ó tẹ́ wọn lọ́rùn, kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Bàbá á ní "a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ìyẹn ò tíì dáhùn, wọ́n kàn kí mi ni. Oníṣẹ́ tó ń kánjú á fi àmì sí "ó tẹ́ wọn lọ́rùn", ọdún tó ń bọ̀ alága á máa kà á lórí rédíò. Ẹ tún un béèrè: "Ìgbà wo ni wọ́n kó ìdọ̀tí níbí kẹ́yìn?" Ẹ ẹ́ gbọ́ òótọ́.

OlóṣèlúNilé
Gbogbo àlàyé yìí, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdìbò ààrẹ 2023 ká sọ òótọ́. Ìwádìí wo ló sọ ọ́ bó ṣe rí?

Peckham_Boy
Mo mọ̀ pé ó máa débẹ̀ 😅 Ẹ wo èyí tí ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Premise ṣe fún ilé iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg ní September 2022. 3,973 èèyàn, orí app fóònù ni wọ́n ti dáhùn. Nínú àwọn tó ní àwọn ti mọ ẹni tí àwọn máa dìbò fún, 72 nínú ọgọ́rùn-ún ní Obi. Èsì tí INEC kéde ní March 2023: Tinubu 36.61, Atiku 29.07, Obi 25.40. App ń fẹ́ smartphone, ó ń fẹ́ dátà, ó ń fẹ́ ẹni tó lè kàwé. Ẹ tún wo ti àjọ ANAP tí ilé iṣẹ́ ìwádìí NOI Polls bá wọn ṣe lórí fóònù ní December 2022, Obi ló ṣíwájú níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ní àwọn ò tíì mọ̀ àti àwọn tó ní àwọn ò ní sọ, tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n tó nǹkan bí ìdajì. Ìwádìí tí ìdajì ò dáhùn, ẹni tó ṣíwájú nínú ìdajì tó kù lò ń kà. Lẹ́yìn náà, nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, bíi 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde dìbò. Ẹni tó sọ lórí fóònù pé òun máa dìbò, ó yàtọ̀ sẹ́ni tó tò lóòrùn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa níbí náà, ní UK, nígbà ìdìbò 2015. Gbogbo ìwádìí ní ẹgbẹ́ òṣèlú Labour àti Conservative ń fọwọ́ kanra, Conservative fi bíi 7 nínú ọgọ́rùn-ún ṣíwájú. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó ń dáhùn ni kò jọ àwọn ará ìlú, alátìlẹ́yìn Labour ti pọ̀ jù nínú wọn, wéètì tí wọ́n fi ń tún un ṣe ò sì rí i tún ṣe.

OlóṣèlúNilé
Tàbí kó jẹ́ pé ìwádìí ló tọ̀nà, èsì ni...

Alábòójútó
Rárá o, ẹ dúró síbẹ̀. Kóòtù ti parí ẹjọ́ yẹn, a ò ní tún un dá níbí. Ẹ padà sọ́dọ̀ Àkànní.

ÀǹtíDátà
Àkànní, ohun tó o máa ṣe rèé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fún ẹ. Má jù 412 yẹn nù, lò ó fi yẹ ìbéèrè ẹ wò, kó o rí èyí táwọn èèyàn ṣì gbọ́. Lẹ́yìn náà lọ sọ́jà. Ọjà ti pín ara ẹ̀ fún ẹ: ẹlẹ́wà lọ́tọ̀, alápatà lọ́tọ̀, aláta lọ́tọ̀, àwọn oníplánkì lọ́tọ̀. Lọ bá àwọn alága wọn, kí wọn dáadáa, ìwé tí wọ́n fi ń gba owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Lísìtì nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ́ ọjà sílẹ̀ àti àwọn tó ń kiri ò sí nínú ìwé ẹgbẹ́, nítorí náà fẹsẹ̀ rìn ín kó o kà á fúnra ẹ. Ká ní o ka 1,200 ìsọ̀, tó o sì fẹ́ 300, mẹ́rin mẹ́rin lo máa mú. Kọ 1 sí 4 sínú bébà, fà ọ̀kan, ibẹ̀ lo ti máa bẹ̀rẹ̀. Kó o sì rí i pé mú-ìkẹrin yẹn ò máa bọ́ sí ìsọ̀ kọ́nà nígbà gbogbo o, àwọn tó wà ní kọ́nà ń tà ju àwọn tó wà láàárín lọ. Inú láìnì kọ̀ọ̀kan ni kó o ti mú tiẹ̀ kí alápatà má baà gbé gbogbo ẹ̀ lọ.

Tó o bá lọ láàárọ̀ tó o bá ọmọ iṣẹ́, má bi ọmọ iṣẹ́, padà wá, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá kọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀, má fi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ rọ́pò. Iye tó kọ̀ yẹn, kọ ọ́ sí orí kẹta. Supafáísọ̀ ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀ ju Yamane lọ. Tí kò bá sì pé 300, tó bá jẹ́ 180 tó mọ́, fi 180 ẹ sílẹ̀.

Àkànní_FinalYear
Ọlọ́run á bùkún yín. A ti bẹ̀rẹ̀ lánàá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, láìnì ẹlẹ́wà àti ti aláta la ti kà. Ìsọ̀ mẹ́ta wà ní títì, mo máa padà lọ́jọ́bọ̀. Ìyá kan kọ̀, wọ́n ní ìjọba ló rán wa wá gba owó orí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè mi kan ló kù. Mo bi ìyá aláta kan, mo fo mẹ́ta tó tẹ̀ lé e bẹ́ ẹ ṣe ní, àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe pè mí padà, wọ́n ní "Kí lo ṣe fò mí? Ṣé èmi ò ní fóònù ni? Àbí aṣọ mi ò dáa tó?" Àwọn yòókù ń wò mí. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìbò fún wọn. Kí ni kí n ṣe?

ÀǹtíDátà
Jókòó, bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè yẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bó o ṣe bi àwọn yòókù. Kọ X sí igun ìwé ẹ̀ lókè, má kà á mọ́ àwọn tó o mú.

Ìyá_Olóúnjẹ
Kó o sì ra ata lọ́wọ́ wọn.